Ẹ̀kọ́ Ìjọba Ẹgbẹ́ Kan Ṣoṣo ní Ilẹ̀ Benin, 1974 sí 1989

Láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí ìjọba Mathieu Kérékou fi sí ẹnu àwọn ará ilẹ̀ Benin, méjì wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ná ọjà Kútọnu ní àkókò náà kò lè gbàgbé. Èkíní ni "Ehuzu", èyí tí í ṣe èdè Fọ̀n, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pé nǹkan ti yí padà. Èkejì ni "dandan", èyí tí àwa kò nílò ògbufọ̀ fún. Nǹkan ti yí padà, dandan sì ni. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà: ìyípadà tí a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí a tó ṣe é, tí a sì sọ di ọ̀ranyàn fún tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Benin kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ń fa ààlà wọn, wọn kò wo ojú ẹbí. Kétu, Ṣábẹ, Ìdáàṣà, Pobẹ́ àti Sakété bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Àwa bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n a kò dẹ́kun láti máa fẹ́ ara wa, a kò sì dẹ́kun láti máa bá ara wa sin òkú. Àwọn ìbátan wa wọ̀nyí ni wọ́n gbé abẹ́ ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A sì ń kọ èyí nítorí pé ní ìpàdé ọdọọdún wa a ti ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń wí pé ohun tí ilẹ̀ adúláwọ̀ nílò ni ẹgbẹ́ kan, ohùn kan, àti olórí kan tí ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹni tí ó ń wí bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí a kò tíì bí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ bí ó ti rí níbi tí a ti dán an wò, ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níhìn-ín.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣáájú. Dàhọ̀mì gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, 1960. Láàrin ọdún méjìlá tí ó tẹ̀lé e, àwọn sọ́jà gba ìjọba ní 1963, ní 1965, ní 1967 àti ní 1969. Olóṣèlú mẹ́ta ni wọ́n pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Hubert Maga ni ti ìhà àríwá, Justin Ahomadégbé ni ti Àgbómẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, Sourou-Migan Apithy sì ni ti Àjàṣẹ́. Ní 1970 wọ́n dá ohun kan tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ìjọba: wọ́n gbà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jọ jókòó ní ìgbìmọ̀, tí olúkúlùkù yóò sì ṣe olórí fún ọdún méjì méjì. Maga lo ọdún méjì tirẹ̀ pé, ó sì gbé e lé Ahomadégbé lọ́wọ́ ní oṣù karùn-ún, 1972. Kò tó oṣù mẹ́fà tí ìyẹn lò. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, Mejọ Kérékou àti àwọn sọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ká ìjọba mọ́ ibi ìpàdé, wọ́n sì lé gbogbo wọn kúrò. Yíyípo náà kò kan Apithy mọ́ láé. Àwọn tí ó bá wọn kẹ́dùn kò pọ̀, nítorí ìjà àwọn mẹ́ta yìí ti sú aráyé.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé, nígbà tí àwọn sọ́jà wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀, wọn kò fi ara wọn hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn Marx. Nínú ọ̀rọ̀ ètò ìjọba tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, 1972, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí orílẹ̀-èdè náà gbára lé ara rẹ̀, kí ó sì bọ́ lábẹ́ àjèjì. Kérékou tilẹ̀ sọ nígbà náà pé àwọn kò ní í da ẹ̀kọ́ àwọn ará òkèèrè kọ. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, 1974, ó dúró ní pápá Goho ní Àgbómẹ̀, ó sì kéde pé láti ọjọ́ náà lọ ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ilẹ̀ náà yóò máa tọ̀. A kò dìbò lórí rẹ̀. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan tí ìbá jíròrò lé e. Ibi tí ó yàn kì í ṣe ibi lásán: Goho yìí ni Ọba Béhanzin ti fa ara rẹ̀ lé Ọ̀gágun Dodds ará Faransé lọ́wọ́ ní oṣù kìn-ín-ní, 1894. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé ibi tí a ti pàdánù ni a ti ń gba á padà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í lo ìtàn fún ìjọba yóò rí i pé ọgbọ́n wà nínú èyí.

Láìpẹ́, ìjọba gba àwọn báǹkì, àwọn ilé ìṣẹ́ adójútòfò àti àwọn ilé ìṣẹ́ tí ń ta epo rọ̀bì. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, 1975, orúkọ ilẹ̀ náà yí padà kúrò ní Dàhọ̀mì sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira ti Àwọn Ènìyàn Benin. Wọ́n gbé àsíá aláwọ̀ ewé tí ó ní ìràwọ̀ pupa dìde. Wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí a ń pe orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú ní PRPB. Ìwé òfin tuntun jáde ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 1977, òun ni ó sì fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ náà múlẹ̀ pé òun ni yóò máa darí orílẹ̀-èdè. Ní 1979 a dìbò yan ènìyàn 336 sí ilé ìgbìmọ̀, lórí ìwé orúkọ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà ti tò sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n yan Kérékou sí ipò olórí orílẹ̀-èdè ní 1980.

Ní ti ìyípadà orúkọ yìí, a fẹ́ dúró díẹ̀. Dàhọ̀mì jẹ́ orúkọ ìjọba Àgbómẹ̀, àwọn Faransé ni wọ́n sì nà án kan gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá àti àwọn ará Atacora ní òkè. Ẹ rántí pé ní 1886 ni ogun Dàhọ̀mì wọ Kétu, wọ́n fi iná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú náà kò tún dìde títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Àgbómẹ̀. Ọmọ Kétu tí a bí ní 1930 kò lè ṣe kí ó má ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ ẹni tí ó fọ́ ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń kọ sórí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Benin, tí a mú láti ara orúkọ etí òkun ìhà ibẹ̀, kò jẹ́ ti ẹ̀yà kankan nínú ilẹ̀ náà. Lóòótọ́ ó mú ìdààmú bá àwọn tí ó mọ Ìlú Bìní ti Nàìjíríà, títí di òní ni lẹ́tà sì ń ṣìnà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbà pé nínú gbogbo ohun tí a fi dandan ṣe ní àkókò náà, èyí ni àwọn ènìyàn wa ní apá ọ̀hún ìbá fọwọ́ sí bí a bá ti bi wọ́n.

Bí ẹ̀kọ́ náà ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn nìyí. Gbogbo ènìyàn, láti orí olórí orílẹ̀-èdè dé orí ọmọ ilé-ìwé, di "camarade". Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò, ní àwùjọ tí ọmọ ọdún ogún kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tí ó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́tà ìjọba kì í parí láìkọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé a ti múra tán fún ìyípadà, pé ìjà ń bá a lọ. Ìgbìmọ̀ aláàbò ìyípadà wà ní àwọn ibi iṣẹ́ àti ní àdúgbò. Ìwé ìròyìn ìjọba, tí ń jẹ́ Daho-Express tẹ́lẹ̀, di Ehuzu. Àjọ̀dún orílẹ̀-èdè kúrò ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ó bọ́ sí ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá. Ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ Ọlọ́run, ó sì gbé ètò tí a ń pè ní Ilé-ìwé Tuntun kalẹ̀ ní 1975, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá oko ilé-ìwé, tí wọ́n sì ń tà nínú èrè rẹ̀. Àwọn òbí tí ó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ó má bàá di àgbẹ̀ rojọ́ púpọ̀ lórí èyí. Àwa kò rí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ mọ ọkọ́ dì mú; ohun tí ó burú ni pé ìwé kò sí, olùkọ́ kò tó, àkókò ẹ̀kọ́ sì ń ṣòfò.

Ọ̀kan wà nínú àwọn iṣẹ́ ìjọba náà tí ẹni tí ó ka ìwé Marx kò lè rí nínú ìwé náà, bí ó ti wù kí ó wá a tó. Ẹ̀kọ́ yìí wí pé ohun tí a fi ojú rí nìkan ni ó ń ṣàkóso ayé. Síbẹ̀, láti 1975 sí 1976, ìjọba tí ó tẹ́wọ́ gbà á gbógun ti àwọn àjẹ́. A pe ogun náà ní ìjà sí àwọn agbára àtijọ́ tí ń dí ìlọsíwájú lọ́wọ́, lábẹ́ orúkọ yìí ni a sì ti kó àwọn ọba, àwọn abọrẹ̀ àti àwọn arúgbó pọ̀ mọ́ra wọn. A gé àwọn igi tí a ń bọ lulẹ̀. A mú àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tí ó ti darúgbó, a sì mú kí wọ́n jẹ́wọ́ lórí rédíò. Orúkọ rédíò náà ni Ohùn Ìyípadà. Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ti kú níṣojú rẹ̀, tí kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀, ni a jókòó sí iwájú ẹ̀rọ kí ó wí pé òun ni òun pa á. Ẹ̀rọ náà sì ń gbé ohùn rẹ̀ kiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tí ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ tàbí lórí ogún rí àǹfààní láti fi orúkọ ọ̀tá wọn lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. A kò lè wí pé àìmọ̀ ni ó fa èyí, nítorí àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó fà á, lójú tiwa, ni pé níbi tí a kò ti gbọdọ̀ sọ pé ìjọba ni ó ṣìṣe, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà tí a óò di ẹ̀bi rù.

Nínú ìjọba pàápàá, ẹ̀rù wà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, 1975, a yìnbọn pa Kápítẹ́nì Michel Aïkpé, mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó gba ìjọba ní 1972. Ìdí tí ìjọba sọ kò tẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n sì jáde sí ìgboro. Àwọn tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ náà lọ sí òkèèrè, tàbí kí a kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n bí èyí tí ó wà ní Ségbana lọ́hùn-ún ní àríwá. Ó pani lẹ́rìn-ín pé àwọn tí ìjọba yìí kórìíra jù ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti Dàhọ̀mì, tí a dá sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní 1977, tí wọ́n wí pé ẹ̀kọ́ Marx tí Kérékou ń kọ́ni kì í ṣe òótọ́. Kí a sì tún fi kún un pé olórí ẹgbẹ́ yìí kan náà lọ sí Líbíà ní 1980, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù níbẹ̀, ó sì gba orúkọ Ahmed.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀rù ìjọba náà kì í ṣe àfọwọ́fà nìkan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ sí Kútọnu, ó sì tú àwọn jagunjagun olówó-ọ̀yà jáde, lábẹ́ Bob Denard ará Faransé, láti wá gba ìjọba. Láàrin wákàtí díẹ̀ a ti lé wọn padà, wọ́n sì sá lọ tìkánjú-tìkánjú tí wọ́n fi gbàgbé àwọn ìwé àṣírí wọn. Ní 1993 ilé-ẹjọ́ kan ní Párìs dá Denard lẹ́bi lórí ọ̀ràn náà. Láti ọjọ́ tí ìkọlù yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sí alátakò tí a kò lè pè ní ọmọ ẹ̀yìn Denard. A ronú pé ọkọ̀ òfuurufú kan yìí fi kún ẹ̀mí ìjọba náà ju ìwé Lenin lọ.

Òdodo kò ní jẹ́ kí a máà sọ ohun rere tí a rí. Ìjọba yìí ni ó gbé àwọn èdè ilẹ̀ náà níyì lọ́nà tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ṣe. Ní 1975 a ṣe ábídí kan fún gbogbo wọn, Yorùbá pẹ̀lú; ibi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ tí a sàmì sí nísàlẹ̀, ɛ àti ɔ ni àwọn ń kọ. A kọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní èdè wọn, a sì ń sọ̀rọ̀ Yorùbá lórí rédíò Kútọnu. Ó ṣe wá láàánú pé ohun tí a kọ́ wọn láti kà ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà, bí ẹgbẹ́ sì ti ṣubú, ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí kò ní òǹkàwé mọ́.

Báwo ni irú ìjọba báyìí ṣe wà fún ọdún mẹ́tàdínlógún? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà níhìn-ín ju ní Mọ́síkò lọ. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo kún ilẹ̀ wa, èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọjà tí a ń rà ń gbà kọjá, owó-bodè rẹ̀ ni ìjọba ọ̀hún sì fi ń jẹun. Orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ dá ilé ìṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Oníígbólò, wọ́n sì jọ dá ilé ìṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ, ní àárín àwọn ènìyàn wa gan-an. Nínú owó wọ̀nyí ni ìjọba fi ń gba gbogbo ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì sí iṣẹ́. Ọmọ tí ó bá fi tọkàntọkàn ké "dandan" ní pápá, owó oṣù ni ó ń ké sí. Àwọn aláwàdà Kútọnu sì ti yí orúkọ ẹ̀kọ́ náà padà láàrin ara wọn, wọ́n ń pè é ní "laxisme-béninisme", bí ẹni wí pé ẹ̀kọ́ ọwọ́-dídẹ̀ ti àwọn ará Benin.

Owó náà wá dá. Ní 1983 Nàìjíríà lé àwọn àjèjì jáde, àwọn ará Benin sì wà nínú wọn. Ní 1984 ìjọba ológun wa ti ààlà pa, kò sì ṣí i títí di 1986. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìlú wa yin títì náà, nítorí àwọn obìnrin oníṣòwò wa ni ó kọ́kọ́ dùn. Gbígba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́jáde sí iṣẹ́ dópin. Àwọn báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí àwọn alágbára ti yá ní owó láìsan án padà, fọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó tí àwọn mẹ̀kúnnù fi pamọ́ sínú wọn sì há. Oṣù kọjá, owó oṣù kò wọlé. Ní 1989 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ̀, àwọn olùkọ́ tẹ̀lé wọn, ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 sì ṣòfò pátápátá. Ní ọjọ́ 7, oṣù kejìlá, 1989, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjọba mọ́. Bí a kò ti bi ẹnikẹ́ni nígbà tí ó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni a kò bi ẹnikẹ́ni nígbà tí ó jáde. A kò rí i kà pé ẹnì kan dìde láti gbà á sílẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí ó ti ké "dandan" fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìpàdé tí ó tẹ̀lé e ni a kà sí ohun ńlá. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28, oṣù kejì, 1990, àwọn aṣojú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 jókòó ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni alága, Albert Tévoédjrè sì ni akọ̀wé ìjábọ̀ wọn. Àwọn tí ó ti sá lọ sí òkèèrè wà níbẹ̀, àwọn ààrẹ àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn sọ́jà wà níbẹ̀. Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí ó kú ní 2024, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń gbilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ adúláwọ̀, ó ti kọ ìwé láti takò àwọn tí ó ń wí pé èrò kan náà ni gbogbo ọmọ adúláwọ̀ ń gbà. Lẹ́yìn ìpàdé náà ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Àwọn aṣojú náà kéde pé ìpinnu wọn ni abẹ́ gé, Kérékou sì gbà. Gbogbo àríyànjiyàn wọn ni rédíò gbé jáde bí wọ́n ti ń sọ ọ́, rédíò kan náà tí ó ti gbé ohùn àwọn arúgbó tí a ní kí wọ́n jẹ́wọ́. Àwọn ará ìlú wa tí ó gbọ́ Faransé jókòó tì í, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ẹnì kan lè bu ẹnu àtẹ́ lu olórí orílẹ̀-èdè ní òwúrọ̀, kí ó sì tún sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nicéphore Soglo, ẹni tí ìpàdé náà yàn ṣe olórí àwọn mínísítà, ni ó borí Kérékou nínú ìbò oṣù kẹta, 1991, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò. Kérékou gbé ipò sílẹ̀. Ní 1996 ó dupò padà, ó sì borí Soglo. Ó tún wọlé ní 2001, ó kúrò ní 2006 nígbà tí òfin kò gbà á láàyè mọ́, ó sì kú ní 2015. Ìràwọ̀ pupa ti kúrò lára àsíá, àsíá àtijọ́ ti 1959 sì ti padà, ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, tún di àjọ̀dún. Nígbà tí ó kan orúkọ, wọ́n yọ "ti Àwọn Ènìyàn" kúrò. Wọn kò pè é ní Dàhọ̀mì mọ́. Àwọn ará Kétu ń kọ Benin sórí ìwé ìrìnnà wọn títí di òní.